Àwọn Ọkùnrin Káúńtì Pellam

Ojú ìwé mẹ́rin ló wà nínú àpòòwé náà, nọ́ńbà ló sì kún inú wọn. Kò sí lẹ́tà. Kò sí orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́. Ẹnì kan ti tì í gba abẹ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ìjọ wọlé kí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó mọ́, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà sí iwájú rẹ̀: "Auntie Bernice, Ìgbìmọ̀ Ìgbéyàwó." Ìgbéyàwó kan ṣoṣo ló wà níwájú ìgbìmọ̀ náà. Ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn ni.

Bernice Akínṣọwọ́n ka ojú ìwé àkọ́kọ́ lórí ìdúró, kò tíì bọ́ kóòtù rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn ló ń ṣe ní Thamesmead, ṣùgbọ́n kó tó dé London, ọdún mọ́kànlá ló fi ṣiṣẹ́ ìkànìyàn ní Ìbàdàn àti àwọn abúlé rẹ̀. Ó ti kan ilẹ̀kùn tó pọ̀, ó sì ti gbọ́ irọ́ tó pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí ìjọ fi fi í ṣe olórí ìwádìí. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣègbéyàwó nínú ìjọ náà gbọ́dọ̀ kọ ibi tó ti gbé, iṣẹ́ tó ṣe àti ìjọ tó lọ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn sínú fọ́ọ̀mù. Bernice á wá wádìí rẹ̀. Tí kò bá buwọ́ lù ú, pásítọ̀ kò ní so wọ́n pọ̀. Láàárín ọdún mẹ́fà, ó ti dá ìgbéyàwó méjì dúró. Àwọn kan ò kí i mọ́ títí di òní, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ pé ó ṣi ọ̀ràn kan gbọ́ nínú méjèèjì.

"Kí nìyẹn?" Uncle Obed ló béèrè. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni, òun sì ni akọ̀wé ìgbìmọ̀.

"Ìwé nípa ibì kan ní Amẹ́ríkà. Káúńtì Pellam, ní ìpínlẹ̀ Missouri."

"Kí ni káúńtì?"

"Bí ìjọba ìbílẹ̀ ni, Uncle. Iye èèyàn tó wà níbẹ̀, ọjọ́ orí wọn, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, bí wọ́n ṣe ń dé ibi iṣẹ́. Ìjọba wọn ló ń kó o jọ. Ẹnikẹ́ni lè rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kó sì tẹ̀ ẹ́ jáde."

"Ta la wá mọ̀ níbẹ̀?"

Bernice ti ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù fáìlì. Ó fa fọ́ọ̀mù Bíyìí Ògúnṣànyà, ọkọ ojú ọ̀nà, yọ, ó sì ka ibi tó ń wá. Wọ́n bí i ní Woolwich, wọ́n gbé e lọ Lagos ní ọmọ ọdún mẹ́ta, ó lọ kàwé ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn náà: "2015 sí 2019: Káúńtì Pellam, Missouri. Iṣẹ́: alásè. Ìjọ: àwa bí igba, ọmọ Áfíríkà pọ̀ nínú wa, mo jẹ́ olórí akọrin. September 2019: mo padà sí London."

Uncle Obed fi ọwọ́ lu tábìlì. "Ó ti ní ìyàwó níbẹ̀! Ohun tí wọ́n fẹ́ sọ fún yín nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká pe pásítọ̀."

"Ìwé yìí ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí ló wá sọ?"

"Mi ò tíì mọ̀."

Kò fẹ́ràn kí ó máa sọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni pásítọ̀ fẹ́ gba fọ́ọ̀mù náà. Mojọláolúwa, ìyàwó ojú ọ̀nà, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, nọ́ọ̀sì ni, òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí, bàbá rẹ̀ sì ti kú. Tí Bernice bá buwọ́ lu ìwé náà, tí ohun burúkú kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ọmọbìnrin yẹn ló máa gbé pẹ̀lú ohun burúkú náà. Tí kò bá buwọ́ lù ú nítorí àpòòwé tí kò lórúkọ, ó ti ba ọkùnrin aláìṣẹ̀ jẹ́ níwájú gbogbo ìjọ nìyẹn.

"Ta ló kórìíra Bíyìí?" ni Uncle Obed béèrè.

"Ẹnì kan ti kọ̀wé burúkú sí Mojọlá nígbà tí a kéde wọn lẹ́ẹ̀kejì nínú ìjọ. Ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀."

*

Jordan ń tún fóònù ṣe nínú ìsọ̀ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Woolwich. Òun àti Mojọlá ti fẹ́ra wọn fún ọdún méjì kí Bíyìí tó dé. London ni wọ́n bí i sí. Yorùbá rẹ̀ dá ṣáká, àmọ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀.

"Auntie B! Fóònù ẹ ti kú ni?"

"Fóònù mi ò kú. Ìwọ ni mo wá wò." Bernice tẹ́ ojú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí gíláàsì. "Ṣé ìwọ lo fi èyí ránṣẹ́ sí mi?"

Jordan ṣí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yí ìkejì sódì, ó tún yí i padà. "Kí ni gbogbo nọ́ńbà yìí? Auntie, tí mo bá fẹ́ ba ti bro yẹn jẹ́, ṣé homework ni màá wá tẹ̀ fún ẹ?"

"O kọ nǹkan tí kò dáa sí Mojọlá."

"Mo kọ ọ́. Inú ń bí mi. Mo sì ti bẹ̀ ẹ́, ó ní òun ti gbọ́. Àbí kí n máa jó ni?"

"Níbo ni Bíyìí gbé ní Amẹ́ríkà?"

"Texas, àbí? Ṣebí Texas ni gbogbo yín máa ń lọ."

Bernice ń wo ojú rẹ̀. Orúkọ káúńtì àti ti ìpínlẹ̀ wà gàdàgbà lókè ìwé tó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì so wọ́n pọ̀ mọ́ Bíyìí rárá. Ẹni tó ń díbọ́n pé òun ò mọ nǹkan kì í sábà yára dáhùn tó bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìwé rẹ̀ jọ.

"Dúró ná," Jordan ní. "Ṣé ẹ̀sùn lò ń wá sí i lẹ́sẹ̀? Mo ní ọ̀kan. Bro yẹn ò lè wa mọ́tò."

"Ìyẹn kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀."

"Cousin mi ló ń kọ́ ọ. Ó ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kò mọ ibi tí wọ́n ti ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́. Ó ti féèlì test lẹ́ẹ̀mejì! Ọdún mélòó ní Amẹ́ríkà, kò mọ bíréèkì yàtọ̀ sí kílọ́ọ̀ṣì. Kí ló ń wọ̀ níbẹ̀, ẹṣin?" Ó rẹ́rìn-ín títí obìnrin tó ń ta aṣọ ní ìsọ̀ kejì fi bojú wò ó.

Bernice ò rẹ́rìn-ín. Ó fa pẹ́ńsù yọ, ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀yìn àpòòwé: "kò lè wa mọ́tò."

*

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, ó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì ìdáná Uncle Obed ní Yarnton Way. Ó ti kà á tán lẹ́ẹ̀mẹta. Uncle Obed gbé tíì síwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án.

"Uncle, ẹ bá mi gbọ́ ọ. Tí mo bá ṣìnà, ẹ dá mi dúró. Èèyàn 17,240 ló wà ní káúńtì yìí. Ìlú àgbẹ̀ ni: àgbàdo, ẹran màlúù, ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń pa adìyẹ. Àwọn ọ̀dọ́ ń kúrò níbẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tó yẹ kó ya èèyàn lẹ́nu."

"Ẹ máa bọ̀."

"Ọkùnrin 9,870. Obìnrin 7,370."

"Ọkùnrin fi ẹgbẹ̀rún méjì àti ààbọ̀ jù?"

"Nígbà tí mo ń kànìyàn, tí mo bá rí irú èyí, ohun kan ló ń kó ọkùnrin jọ síbẹ̀. Kí ló lè jẹ́?"

"Àwọn sójà," ni Uncle Obed dáhùn lójú ẹsẹ̀.

"Sójà mẹ́rin péré ló wà nínú gbogbo káúńtì. Ó wà ní ojú ìwé kẹta."

"Yunifásítì nígbà náà. Tàbí ibi ìwakùsà."

"Àwọn tó ń lọ sí yunifásítì ò tó igba, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ìwakùsà ò ní ju àádọ́ta èèyàn lọ. Ṣùgbọ́n nínú òṣìṣẹ́ márùn-ún, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Kí ni ìjọba ń ṣe tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín oko àgbàdo?"

Uncle Obed fa àga sún mọ́ tábìlì.

"Ẹ wo èyí. Aláwọ̀ dúdú, 1,470. Ilé tí aláwọ̀ dúdú jẹ́ olórí rẹ̀, mọ́kàndínlógún."

"Mọ́kàndínlógún? Ẹgbẹ̀rún kan ó lé nínú ilé mọ́kàndínlógún?" Uncle Obed mi orí. "Sister Bernice, nígbà tí mo kọ́kọ́ dé London, àwa mẹ́sàn-án là ń sùn nínú yàrá kan. Síbẹ̀, a ò tó ìyẹn."

"Ọmọ aláwọ̀ dúdú tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ẹ rò ó wò. Ọkùnrin rẹpẹtẹ, kò sí ìyàwó, kò sí ọmọ, kò sí ilé." Ó fi orí pẹ́ńsù tọ́ka sí ìlà kan ní ìsàlẹ̀. "Àwọn tí ń gbé pọ̀ nínú ilé ńlá tí kì í ṣe ilé ẹbí: 2,480. Obìnrin inú wọn, àádóje péré. Tí ẹ bá yọ wọ́n kúrò nínú káúńtì, ọkùnrin àti obìnrin á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba."

"Ilé arúgbó ńkọ́?"

"Mo ṣiṣẹ́ nílé arúgbó ọdún mẹ́sàn-án, Uncle. Obìnrin ló ń pọ̀ níbẹ̀. Àádóje yẹn ni tiwọn. Àwọn yòókù..."

"Ẹ̀wọ̀n," ni Uncle Obed wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ẹ̀wọ̀n. Nínú ìkànìyàn wọn, ibi tí wọ́n bá tì ọ́ mọ́ ni wọ́n ń kà ọ́ sí. Ó ń mú kí ìlú kékeré dà bíi ńlá."

Uncle Obed gbé ife rẹ̀, ó tún gbé e kalẹ̀. "Ẹ má bínú o, alásè ló pe ara rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà ń jẹun. Ó lè jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba níbẹ̀, kó sì máa padà sílé rẹ̀ lálẹ́. A ò gbọ́dọ̀ pa ọmọ ọlọ́mọ."

"Mo rò bẹ́ẹ̀ náà. Ìgbà yẹn ni mo wá wo ojú ìwé kẹrin." Bernice tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀. "Nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́, márùndínlọ́gọ́rùn-ún ń wa ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Àwọn yòókù ń ṣiṣẹ́ nínú ilé wọn tàbí lórí oko wọn. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ìrìn àjò. Iye tó ń wọ bọ́ọ̀sì: òdo. Bíyìí ò mọ ibi tí wọ́n ti ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ mọ́tò. Ó wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, ó ń ṣiṣẹ́. Alásè tí kò lè wa ọkọ̀, níbi tí kò sí bọ́ọ̀sì, ibi iṣẹ́ rẹ̀ ò jìnnà sí ibi tó ń sùn."

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni Uncle Obed fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Kò bá a jiyàn lórí ìyẹn.

*

Ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Crossness ni Bíyìí ti ń ṣiṣẹ́. Bernice dúró dè é ní ọ̀sán lójú ọ̀nà ẹsẹ̀ tó wà létí odò. Afẹ́fẹ́ ń gbé òórùn ibi tí wọ́n ti ń tún omi ẹ̀gbin ṣe bọ̀. Bíyìí yọ sí i, ó ga, ó mọ́ tónítóní, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ láìbìkítà fún ẹrẹ̀.

"Auntie, ẹ káàsán o. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Ó wà. Ìbéèrè díẹ̀ ló kù. Níbo lo gbé gan-an ní Pellam?"

"Main Street, ma. Ilé pupa kan. Mo háyà yàrá níbẹ̀."

"Báwo lo ṣe ń dé ibi iṣẹ́?"

"Bọ́ọ̀sì, ma."

Irọ́ méjì. Bernice ò sọ pé irọ́ ni. Ó ti kọ́ ọ lẹ́nu ilẹ̀kùn àwọn èèyàn pé tí o bá gba irọ́ àkọ́kọ́ láìjanpata, onírọ́ á fọkàn balẹ̀.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. O ní ẹ tó igba nínú ìjọ yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ma. Ìjọ náà gbóná! Èmi ni mo ń darí orin."

"Ta ni olórí àwọn obìnrin?"

Bíyìí fi bàtà rẹ̀ ha ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà.

"Igba èèyàn, Bíyìí, ọmọ Áfíríkà sì wà nínú wọn. Ta ni Mummy ìjọ? Ta ló ń se ìrẹsì lẹ́yìn ìsìn? Ta ló ń bá àwọn ọ̀dọ́bìnrin wí nítorí aṣọ? Ta ló ń kọ ohùn òkè nínú akọrin rẹ?"

Ẹyẹ odò kan ké. Bíyìí ń wo omi.

"Dárúkọ obìnrin kan fún mi. Ẹyọ kan ṣoṣo. Màá lọ sílé."

"Kò sí obìnrin níbẹ̀, ma," ló sọ níkẹyìn. Ó jókòó sórí ògiri kékeré etí ọ̀nà. "Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni. Lákòókò tí mo wà nílé ẹ̀kọ́, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ń lo káàdì báǹkì àwọn ẹlòmíràn. Wọ́n mú wa. Àwọn yòókù ní lọ́yà. Mo ṣe gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n wá kó mi sínú ọkọ̀ òfúrufú padà síbí, nítorí páálí ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì ló wà lọ́wọ́ mi. Inú ibẹ̀ ni mo ti rí Jésù, Auntie. Ìyẹn kì í ṣe irọ́."

"Mi ò ní irọ́ ni."

"Ẹ̀yin gan-an á mọ bó ṣe rí lára mi. Mojọlá sọ fún mi pé ẹ ti ṣe iṣẹ́ ìkànìyàn. Wọ́n ka àwa náà níbẹ̀. Wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù tiwa nínú ọgbà, mo kọ Nàìjíríà síbi tí wọ́n ti ń béèrè orírun. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Mo ní, ó kéré tán, wọ́n ka èmi náà mọ́ èèyàn."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Ohun kan nínú rẹ̀ ò bá Bernice lára mu, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́. Ó fa ojú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yọ kúrò nínú báàgì.

"Ṣé ìwọ lo fi èyí ránṣẹ́ sí mi?"

Bíyìí wo orúkọ tó wà lókè ìwé náà, àwọ̀ ojú rẹ̀ sì yí padà. "Rárá! Ta ló mọ̀? Auntie, ta ló mọ̀?"

"Aago márùn-ún òní, wá sílé Mummy Mojọlá. Ìwọ fúnra rẹ ni kó o sọ ọ́. Tí o kò bá wá, èmi á sọ ọ́."

*

Bernice dé ilé wọn ní Thamesmead North nígbà tí aago mẹ́rin ń lù. Ó bá Mojọlá nìkan ní yàrá ìdáná.

"Ìwọ lo ti àpòòwé yẹn sábẹ́ ilẹ̀kùn."

Mojọlá ò yíjú padà. Ó ń fọ ife kan tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. "Ta ló sọ fún yín?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Èèyàn márùn-ún ló mọ orúkọ káúńtì yẹn. Pásítọ̀ ò ní fi àpòòwé bá mi sọ̀rọ̀. Uncle Obed ò mọ ohun tí káúńtì jẹ́. Èmi kọ́. Ẹ̀rù ba Bíyìí nígbà tó rí i. Ó ku ìwọ."

Ọmọbìnrin náà pa omi. "Mo wá ìlú náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pé kí n lè mọ ibi tí ọkọ mi gbé. Nọ́ńbà yẹn ò yé mi tán, Auntie, ṣùgbọ́n mo rí i pé kò sí ìjọ ọmọ Áfíríkà kankan níbẹ̀. Mo mọ̀ pé á yé yín."

"Kí ló dé tí o kò bi í?"

"Mo bi í. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Tí mo bá ti dárúkọ Amẹ́ríkà, ojú rẹ̀ á yí padà, á dákẹ́ títí di ọjọ́ kejì. Kì í pariwo. Kì í sọ nǹkan kan." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò mọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Ẹ bá mi wá a."

"Ó yẹ kí o ti sọ fún mi bẹ́ẹ̀ látàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. O fi ọjọ́ kan ṣòfò."

"Ẹ má bínú, ma."

*

Bíyìí dé kí aago márùn-ún tó lù. Wọ́n jókòó ní pálọ̀: Mummy Mojọlá, Mojọlá, Uncle Obed pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, àti Bernice létí fèrèsé. Bíyìí ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi í léèrè. Ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá náà, ó sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: àwọn káàdì náà, ẹjọ́ náà, ọdún mẹ́rin náà. Ó sọ ọ́ dáadáa. Ó sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ìjọ inú ọgbà pẹ̀lú èèyàn mẹ́fà, tí wọ́n fi di igba.

Mummy Mojọlá kọ́kọ́ ké, "Ọmọ mi! Ẹlẹ́wọ̀n lo fẹ́ mú wá fún mi?" Lẹ́yìn náà ó sunkún. Lẹ́yìn ìyẹn ó nu ojú rẹ̀ nù. "Ṣé Ọlọ́run ò ti dárí jì ọ́ ni? Ta wá ni èmi? Dìde, jókòó."

Uncle Obed mí kanlẹ̀. "Òótọ́ ti jáde, ó parí. Sister Bernice, ẹ jẹ́ ká buwọ́ lù ú."

Bernice ni Mojọlá ń wò.

"Ìbéèrè kan ló kù," Bernice wí. "Bíyìí, ọdún wo ni wọ́n kà yín?"

"Ma?"

"Ìkànìyàn. Fọ́ọ̀mù tí o kọ Nàìjíríà sí. Ọdún wo ni?"

Bíyìí yíjú sí Mummy Mojọlá.

"Amẹ́ríkà ń ka gbogbo èèyàn ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Wọ́n kà ní 2010, wọ́n kà ní 2020. Wọn ò ka ẹnikẹ́ni láàárín 2015 sí 2019. O kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù wa pé September 2019 lo dé London. Tí wọ́n bá kà ọ́ ní Pellam, o ṣì wà níbẹ̀ ní 2020. Ọdún mẹ́rin kọ́ ni."

"Auntie, ó ti pẹ́. Ó lè jẹ́ pé mo—"

"O ti jẹ́wọ́ ẹ̀wọ̀n. Kò sí ìtìjú kankan tó kù nínú ọdún kan sí i, àyàfi tí ohun tó fa ọdún náà bá burú ju ẹ̀wọ̀n lọ. Kí ló fà á?"

Uncle Obed ti dáwọ́ ìkọ̀wé dúró.

"Wọ́n fi kún un," Bíyìí wí, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Ó yẹ kí n jáde ní September 2019. Wọ́n fi ọdún kan kún un nítorí ìjà."

"Ìjà pẹ̀lú ta ni?"

"Ọkùnrin kan nínú akọrin."

Mojọlá ló sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà. "Kí lo ṣe fún un?"

"Egungun àgbọ̀n rẹ̀ kán. Ojú rẹ̀ kan... kò ríran dáadáa mọ́."

"Kí ló ṣe fún ẹ?"

"Ó pè mí ní òpùrọ́. Níwájú gbogbo wọn."

"Ṣé ò ń parọ́?"

Ẹnì kan ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri nísàlẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹfà, lẹ́ẹ̀méje.

"Mo ń parọ́," ni Bíyìí wí.

Mummy Mojọlá na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Mojọlá ti dìde. Ó rìn wá síwájú Bíyìí, kò sún mọ́ ọn jù, kò sì jìnnà.

"Òpùrọ́ ni ẹ́, Bíyìí."

Ọwọ́ ọ̀tún Bíyìí wà lórí orúnkún rẹ̀. Ó di, àwọn egungun rẹ̀ yọ jáde, ó wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tú. Bíyìí gbé orí sókè, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Ẹ rí i?" ló sọ fún Bernice. "Mi ò ṣe nǹkan kan. Mo ti yí padà, Auntie. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀."

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́. Bernice wò ó láti òkè dé ilẹ̀, kò sì rí ohun tó lè fi sọ pé irọ́ ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Ó gbé fọ́ọ̀mù náà sórí tábìlì, ó fi pẹ́ńsù lé e, ó sì tì í síwájú Mojọlá.

"Mo rí i," Mojọlá wí. "Gbogbo wa la rí i. Èmi, Mummy, Auntie, Uncle Obed. Mo sọ òótọ́ kan ṣoṣo fún ẹ, gbogbo ilé sì ń wo ọwọ́ ẹ." Ó mú pẹ́ńsù náà. "Mi ò lè máa wo ọwọ́ ẹ títí ayé mi. Kò sí ìgbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé."